Ìwé Àṣàbí ní Ohùn Akólòlò

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Kẹrin 2025. Ìlódè, Ifẹ̀.

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, iná ò sí, ṣùgbọ́n fóònù mi kún. Ọjọ́ Ẹtì ni àwa ẹgbẹ́ Ojú Ìwé máa ń dárúkọ ìwé tí kálukú fẹ́ kí àwọn yòókù kà. A jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá lórí Wọ́sáàpù yìí, mi ò sì tíì fojú kan ju ẹni mẹ́ta lọ nínú wọn. Anti Fisáyọ̀mi, apòògùn ará Abẹ́òkúta tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, mú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bí kò bá sí òkú ní ojú ewé kìn-ín-ní, Anti ò ní kà á. Tíṣà Abdulsalam ní Ìlọrin mú ìwé ewì wá. Ìkẹ́olúwa, télọ̀ kan ní Ìpetumodù, mú ìtàn ìfẹ́ wá. Ó ní òun ń kà á nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ títí òun fi rán ọwọ́ bùbá oníbàárà òun ní òdìkejì. Èmi náà dárúkọ tèmi, mo sì tẹ̀ ẹ́ ni. Láti ọdún méjì tí mo ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn mi rí.

Lẹ́yìn náà ni fóísì nóòtì kan wọlé láti orí fóònù Ìkẹ́olúwa. Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn àgbàlagbà ni, ohùn tó ti pa kíláàsì lẹ́nu mọ́ rí.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùkàwé. Dorcas Ògúndèjì lorúkọ mi. Mo ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ojú mi ti lọ. Ọmọ mi ló máa ń ka ọ̀rọ̀ yín sí mi létí, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Ìwé kan ni mò ń wá. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàbí ló fẹsẹ̀ rìn láti ìlú rẹ̀ lọ sétí òkun. Gbogbo ìlú tó bá sùn sí, wọ́n á rán an sí èèyàn wọn kan tó lọ sétí òkun tí kò padà wá. Mi ò rántí àkọlé rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ kan ló kọ ọ́, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ púpọ̀. Mo fẹ́ mọ bó ṣe parí."

Ìwé Àṣàbí wà nínú páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Àbámẹ́ta, 26 Oṣù Kẹrin

Mo gbé e jáde. Kò ní èèpo, kò ní ojú ewé àkọlé, ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí bàbá kan kó páálí náà wá sí ìdí iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń tún ìwé dì ní yunifásítì, tí kò sì padà wá gbà á. Ọ̀gá Lágúnjú ní kí n máa gbé e lọ sílé. Mo ti kà á dé ìdajì nígbà náà. Mo rò pé èmi nìkan ló mọ̀ pé ó wà láyé.

Mo tẹ "Mo ní in" sórí ẹgbẹ́. Kí n tó gbé omi kaná, ọgọ́rùn-ún èèyàn ti dáhùn. Fóísì Màmá gùn ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré. Ẹ̀rín ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

Ajé, 28 Oṣù Kẹrin

Mo ya fọ́tò ojú ewé mẹ́wàá. Ìkẹ́olúwa ní fóònù máa ń ka Gẹ̀ẹ́sì sí màmá òun létí dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá dé orí Yorùbá, á dà bí òyìnbó tó jẹ ata. Tíṣà Abdulsalam ní òun á kà á sórí fóísì. Ara mi balẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Karùn-ún

Tíṣà kà á. Irú ohùn tó yẹ kó máa ka ìròyìn ni ohùn wọn. Ṣùgbọ́n tàdáwà tí wọ́n fi tẹ ìwé náà ti ṣá, fọ́tò ò sì gbé e dáadáa. Ní ojú ewé kìíní Màmá ti fèsì.

"Tíṣà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ kà á pé ó gbé igbá ata lérí. Kì í ṣe ata. Igbá òfo ló gbé kúrò nílé."

Mo mú ìwé náà lọ sójú fèrèsé, mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè fẹ̀gbẹ́ kàn án. "Òfo" ni wọ́n kọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà ìkẹyìn tí obìnrin yìí rí gbólóhùn náà, a ò tíì bí mi.

Ní ọ̀sán Tíṣà kọ̀wé: "Dàmọ́lá, ìwọ tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ nìkan ló lè rí i kà. Kà á fún wa."

Mo pa fóònù.

Àbámẹ́ta, 3 Oṣù Karùn-ún

Mo kọ òótọ́ sí Anti Fisáyọ̀mi. Akólòlò ni mí. Kẹ̀kẹ́ máa ń gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi dá a dúró ò tètè jáde. Mo ní kí wọ́n bá mi wá ẹlòmíràn tó lè wá sí Ifẹ̀ wá kà á.

Èsì wọn: "Ṣé Màmá ń kánjú ni?"

Wọ́n ti sọ fún Màmá, nítorí kò pẹ́ tí fóísì tirẹ̀ náà dé. "Ọmọ mi, mo kọ́ akólòlò mọ́kànlá nínú iṣẹ́ mi. Mo lè dárúkọ wọn. Kò sí èyí tí kò parí ohun tó ń sọ, bí mo bá ti jẹ́ kí àwọn yòókù dákẹ́. Màá dákẹ́."

Ajé, 5 Oṣù Karùn-ún

Mo dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ti fèrèsé, mo fi fóònù lé orí ìdìpọ̀ bébà. Ojú ewé kan péré gbà mí ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ní ibi tí wọ́n ti dárúkọ bàálẹ̀, ẹnu mi há sórí "b" pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ẹyẹ méjì tó ń jà lórí páànù. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fóísì náà, ẹyẹ pẹ̀lú. Mo fi ránṣẹ́, mo sì lọ fọ ojú mi.

Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Karùn-ún

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ èyí sílẹ̀. Èèyàn igba ó lé mẹ́rin ló gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì kan gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Awakọ̀ táńkà kan páàkì sí ẹ̀bá ọ̀nà Jẹ́bbà, ó ní òun ò fẹ́ kí ariwo ẹ́ńjìnnì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba kíkólòlò, àfi Màmá.

"Nígbà tí o dúró lórí bàálẹ̀," ó ní, "mo ti rí bàálẹ̀ náà kí o tó dárúkọ rẹ̀. Mo rí fìlà rẹ̀. Nígbà tí mò ń fi ojú mi kà á, eré ni mo máa ń sá kọjá lórí ọkùnrin yẹn."

Mo gbọ́ fóísì yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ajé, 12 Oṣù Karùn-ún

Òjò. Ojú ewé mẹ́ta lónìí. Ọ̀fun ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Oṣù Karùn-ún

Lónìí tó jẹ́ ọjọ́ ìdárúkọ ìwé, ọ̀rọ̀ Àṣàbí ni gbogbo wọn ń sọ. Anti Fisáyọ̀mi tí kì í kàwé tí kò ní òkú kọ̀wé pé ẹ̀rù ń ba òun kí òkú má lọ wà nínú èyí. Ìkẹ́olúwa fẹ́ kí Àṣàbí fẹ́ ọlọ́kọ̀ tó gbé e kọjá odò láìgba owó. Tíṣà Abdulsalam ní bó bá fẹ́ ẹ, òun á jáde nínú ẹgbẹ́. Wọ́n jà lé e lórí títí di ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà awakọ̀ táńkà yẹn wọlé. Ó ní òun ò ka ìwé Yorùbá kankan tán rí láti ìgbà tí òun ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, pé kí a sọ èyí tí òun máa kà tí èyí bá parí. Ó ní òun fẹ́ràn ìrìn àjò, òun ò sì fẹ́ kí ọmọdé kú nínú rẹ̀. Wọ́n dárúkọ ìwé mọ́kàndínlógún fún un, kálukú ń sọ ìdí tó fi fẹ́ràn tirẹ̀. Ẹnì kan ní òun ka tòun nínú wọ́ọ̀dù níbi tí òun ti ń tọ́jú ọkọ òun, pé ìwé náà ò mú ìrora kúrò ṣùgbọ́n ó bá òun jókòó. Ẹlòmíràn ní òun ò fẹ́ràn ìparí ti òun, kí ó kà á bẹ́ẹ̀ náà. Mo jókòó, mò ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé mìíràn. Àwọn èèyàn tí wọn ò mọ ara wọn ń fún ọkùnrin kan ní ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù.

A ti di ẹgbẹ̀ta ó lé márùn-ún.

Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Karùn-ún

Ìkẹ́olúwa pè mí. Kò sọ ọ́ sórí ẹgbẹ́. Etí òsì màmá rẹ̀ ti di pátápátá láti ọdún tó kọjá, ọ̀tún náà ti ń tẹ̀lé e. Dókítà ní kí wọ́n má retí pé ìyẹn náà yóò pẹ́ kó tó di. Ní báyìí ó máa ń fi fóònù lẹ́ etí gan-an, tí yóò gbọ́ ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dá a lójú.

"Wọ́n ní kí n má sọ fún yín," ó ní. "Wọn ò fẹ́ kí ẹ máa sáré kà á."

Mo bi í pé ojú ewé mélòó ló rò pé etí màmá lè gbà. Mo gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wà á.

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹfà

Mo ti dé orí tó gbẹ̀yìn. Àṣàbí ti ru iṣẹ́ ogójì, ó ti ń gbóòórùn omi. Mo ṣí ìwé sójú ewé tó kàn, kò ṣí. Ewé mẹ́jọ tó gbẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ra bíi pátákó. Omi ló kán sí i nígbà kan, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé sì yọ́ sáàárín wọn. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ọdún mẹ́rin, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mi ò fi kà á tán. Mò ń tan ara mi pé kí n tó dé ibẹ̀, á ti tú fúnra rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà

Mo fi han Ọ̀gá Lágúnjú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ó ku oṣù márùn-ún kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi èékánná kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀.

"Bí o bá fipá tú u, ọ̀rọ̀ ojú ewé kan máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìkejì. O ò ní rí ọ̀kankan kà."

"Ẹ ẹ ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá."

"Ta ló ni ín?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́ tán. Wọ́n dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ wá abọ́ oníke ńlá kan tó ní ọmọrí.

Ajé, 9 Oṣù Kẹfà

A bu omi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́ náà, a gbé asẹ́ lé e, a fi ìwé sórí asẹ́, a dé e. Èémí omi nìkan ló gbọ́dọ̀ kàn án. Ọ̀gá máa ń ṣí i wò ní wákàtí wákàtí bí ẹni ń wo ìkókó. Òjò ìta yìí ò ràn wá lọ́wọ́, bébà ń mu ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọ̀sán wọ́n rí èébu funfun bíńtín ní igun kan, a sáré gbé e jáde, a sá a sí afẹ́fẹ́.

Mo sọ fún ẹgbẹ́ pé ìwé ń ṣàìsàn. Wọ́n ń gbàdúrà fún ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹfà

Ewé kìíní tú. Ọ̀gá ló fi egungun tín-ín-rín tí wọ́n fi ń ṣẹ́ bébà wọ abẹ́ rẹ̀. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń ya ètè rẹ̀ sọ́tọ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́tà kan ò bọ́.

"Ìyókù di tìrẹ," wọ́n ní, wọ́n sì lọ jókòó sídìí rédíò wọn.

Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Kẹfà

Gbogbo rẹ̀ ti tú. Ìlà méjì péré ló lọ nínú ewé mẹ́jọ. Mo tẹ́ wọn sáàárín bébà tó ń fa omi, mo sì jókòó tì wọ́n. Mi ò ka ọ̀kankan. Mo pinnu pé mi ò ní mọ ìparí rẹ̀ ṣáájú Màmá.

Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹfà. Ìpetumodù.

Mo gbé ìwé lọ fúnra mi. Ìkẹ́olúwa pàdé mi ní garéèjì, ó ga ju bí mo ṣe rò lọ. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú gèlè, bí ẹni tó ń retí ìnspẹ́kítọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó wá fọwọ́ wá ìwé, ó sì fi ìka tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ikán jẹ.

"Ó ti di arúgbó," ó ní. "Jókòó sápá ọ̀tún mi."

Mo fi ẹnu súnmọ́ etí rẹ̀, mo kà, fóònù Ìkẹ́olúwa sì ń gbà á sílẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ó lé ní wákàtí méjì. Mo kólòlò bí mi ò ṣe kólòlò rí. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Bí ọ̀rọ̀ bá há, kò fún mi lọ́wọ́, kò bá mi sọ ọ́. Ó kàn ń dúró pẹ̀lú mi níbẹ̀.

Àṣàbí dé etí òkun. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀. Kò rí ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n rán an sí. Ó jókòó sórí iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ àwọn iṣẹ́ náà fún omi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi jẹ́ ogójì tán. Lẹ́yìn náà ó rántí pé òun náà ní iṣẹ́ tí òun fẹ́ jẹ́ fún ẹnì kan. Ó yanu, ó pa á dé. Ó gbé igbá lérí, ó kọjú sọ́nà ilé.

Ibẹ̀ ló parí sí. Ìkẹ́olúwa tó ti ní òun ò fẹ́ràn ìwé àtijọ́ ń nu ojú pẹ̀lú àgékù aṣọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí òrùlé.

Màmá ní: "Dàmọ́lá, n ò gbàgbé ìparí yìí. N ò kà á rí ni. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa, ìdí rẹ̀ ti já nígbà tó dé ọwọ́ mi. Ní 1976, mò ń kà á fún àwọn ọmọ praimari faifu, a dé ibi tó já, wọ́n ń wò mí. Ogójì ọmọ. Mo pa ìwé dé bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n sórí, mo sì fi ẹnu ara mi parí rẹ̀."

Mo bi í pé kí ló sọ fún wọn.

"Ohun tí mi ò rántí gan-an nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń bẹ̀rù pé irọ́ burúkú kan ni mo pa fún wọn."

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹfà

Màmá ò dárúkọ ìwé lónìí. Ó fi fóísì sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́, orúkọ abúlé, orúkọ kíláàsì. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, kó bá òun sọ fún un pé òun ti rí ìparí tòótọ́, kó wá gbọ́ ọ.

Wọ́n pín fóísì náà káàkiri. Awakọ̀ táńkà ní òun ti gbé e dé Mọ́kwá.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Keje

Kò tíì sí ìròyìn kankan. Etí Màmá ò gbọ́ fóònù mọ́, àfi ẹnu èèyàn tó bá súnmọ́ ọn.

Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Keje

Obìnrin kan kọ̀wé sí Anti Fisáyọ̀mi láti Iléṣà. Fọláyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ó ní ìjókòó kẹta lẹ́bàá fèrèsé ni òun máa ń jókòó sí nínú kíláàsì náà.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Keje. Ìpetumodù.

Fọláyọ̀ dé ní aago mọ́kànlá, ó kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì pẹ̀lú irun funfun rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Mà." Bí àwọn ọmọ kíláàsì ṣe máa ń sọ ọ́ ló ṣe sọ ọ́. Màmá fọwọ́ kàn án lójú, ní etí, ní àgbọ̀n. Ó ní òun ò mọ ojú yìí, kó má bínú. Fọláyọ̀ ní kò lè mọ̀ ọ́n, wọ́n pọ̀.

Ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo kà, títí kan ìparí. Mo rò pé yóò sọ pé ó dára. Ó ní, "Mà, ó dùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ ọ́ fún wa."

"Kí ni mo sọ?" Ohùn Màmá ti lọ sílẹ̀.

Fọláyọ̀ wọ́ lọ sápá ọ̀tún. "Ẹ ní nígbà tí Àṣàbí dé etí òkun, ó bá obìnrin kan tó jókòó síbẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni obìnrin yẹn gbà wá, òun náà ru ẹrù. Wọ́n kí ara wọn. Àṣàbí jẹ́ iṣẹ́ kìn-ín-ní, obìnrin yẹn sì wá inú ẹrù tirẹ̀, ó mú ọ̀kan jáde. Èsì rẹ̀ ni. Àṣàbí jẹ́ ìkejì, èsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo ogójì ló ní èsì. Ẹ ní ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó tán, pé Àṣàbí sì kó èsì padà sílé, ìlú dé ìlú. Aago ìparí ti lù kí ẹ tó sọ ọ́ tán, a ò dìde. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan ti ń sọ ọ́ fún tirẹ̀."

Ìkẹ́olúwa ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo wo Màmá. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tí wọ́n ń kàwé fún.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ó ní.

"Ẹ̀yin ni, Mà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́ tán. Ó na ọwọ́, ó fa Fọláyọ̀ súnmọ́ etí rẹ̀ gan-an.

"Tún un sọ," ó ní, "láti ibi tó ti rí obìnrin yẹn."

Fọláyọ̀ tún un sọ.